Ilẹ̀, Ilé àti Òwò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹbí Wa Lórí Ilé Ìtura Orí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Sí Olórí Ẹbí wa, sí ẹ̀yin àgbààgbà ìgbìmọ̀ ẹbí, àti sí gbogbo ẹ̀yin ọmọ ilé wa tí ẹ wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Adó, ní Èkó àti ní òkè òkun,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú àbójútó ilé, ẹ sì kú ìfaradà gbogbo wa. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ ilé ìtura wa tó wà lórí òkè ni mo bá wá. A ti gbọ́ pé ẹnì kan ti wá yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó ti dárúkọ iye tó fẹ́ san, àti pé ìpàdé ẹbí ti Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí gbogbo wa wá fọwọ́ sí ìwé. Mo mọ̀ pé inú yàrá la ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹbí ti tàn ká ayé. Àwọn kan nínú wa kò fojú kan òkè náà rí, àwọn mìíràn kò sí lórí WhatsApp tí a ti ń sọ ọ́. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń bá fínra ní ilẹ̀ Èkìtì. Ilé àlejò tí bàbá fi òógùn kọ́ kì í pẹ́ di ẹjọ́ lẹ́yìn tí bàbá bá ti papòdà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀; ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nǹkan mẹ́ta ló wà lórí òkè yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ṣe ti ẹnì kan náà. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, òwò wà níbẹ̀. Bí a bá pa wọ́n pọ̀ tà lẹ́ẹ̀kan, a ó ti gba tẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò sì pàdánù jù ni Màmá Òkè, ọmọ Bàbá Àgbà obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ohun tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa báyìí ni pé Bàbá Àgbà ló kọ́ ilé ìtura. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé.

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í ṣe ti Bàbá Àgbà nìkan. Ilẹ̀ ẹbí ni, ara oko tí àwọn baba ńlá wa ń dá kí ọ̀nà ọkọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà ìgbà náà ló ní kó máa kọ́lé síbẹ̀ nítorí pé ọmọ ilé ni. Kò fi owó rà á, kò sì sẹ́ni tó kọ ìwé fún un. Obì ni wọ́n pa, ẹmu ni wọ́n mu, ó parí.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Iléṣà wá sí Adó láyé àtijọ́ mọ ohun tí ojú awakọ̀ ń rí lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Lọ́rì tó kó kòkó tàbí gẹdú á máa gun òkè títí omi ẹ́ńjìnnì á fi hó. Bí kùrukùru bá wá bolẹ̀ lálẹ́, awakọ̀ kò ní rí ju imú ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Wọn á dá ọkọ̀ dúró, wọn á tọrọ ààyè láti sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà. Nígbà tó yá ni wọ́n kọ́ yàrá kan fún wọn, lẹ́yìn náà òmíràn, kó tó wá di ilé alájà. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ilé ìtura nígbà náà. "Ilé àlejò orí òkè" ni gbogbo awakọ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ibí yìí ni ìtàn ti ń fò. Owó Ìyá Ìsàn ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyàwó àgbà ni wọ́n, Ìsàn-Èkìtì ni wọ́n ti wá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ìkòkò ni wọ́n ń kó láti ilé wá sí ọjà Ẹ̀fọ̀n, tí wọ́n á tún kó lọ títí dé Iléṣà. Ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan nílé àlejò ni àmù kan máa ń wà nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tí ì dé, ọ̀kan ṣì wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn títí di òní, tí ìdí rẹ̀ ti sán díẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ owó yẹn látẹnu lásán. Ìwé wà. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àlejò sí láyé Bàbá Àgbà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ibùsùn, Màmá Òkè fi ọ̀rá wé e. Bí ẹ bá ṣí i láti iwájú, orúkọ àlejò ni ẹ ó rí, ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, nọ́ńbà lọ́rì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dojú ìwé náà dé, tí ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, ìnáwó ilé kíkọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀, ní ọwọ́ Bàbá Àgbà fúnra wọn, láìsí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀: "owo iya Isan, paanu yara oke." Ìlà tó tẹ̀ lé e: "owo iya Isan, simenti." Lẹ́yìn náà: "owo iya Isan, birikila." Bẹ́ẹ̀ ló lọ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Tádàwà rẹ̀ ti pọ́n, aáyán ti jẹ igun kan, àmọ́ ó ṣeé kà. Ọkùnrin tó kọ ìyẹn sílẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àwa la gbàgbé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìdí ìyá mi ni mò ń gbèjà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere: ọmọ ọmọ Ìyá Arámọkọ ni mí, ìyàwó kejì. Ìyá tiwa náà ṣe bẹbẹ. Ọbẹ̀ wọn àti iyán wọn ló jẹ́ kí awakọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tilẹ̀ gbóná máa yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi wọlé, páànù ti wà lórí ilé. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fúnra wọn.

Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, ilẹ̀kùn ibẹ̀ tì. Àwọn bàbá wa ti ríṣẹ́ sí Èkó, àwọn mìíràn wà ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ olú-ìlú wa nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó. Ewúrẹ́ ń sùn ní pálọ̀. Àkọ́bí Ìyá Ìsàn obìnrin ló kó ẹrù rẹ̀ wá láti ilé ọkọ, tó ṣí ilẹ̀kùn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ jáde. Òun la wá ń pè ní Màmá Òkè lónìí.

Iṣẹ́ tí Màmá Òkè ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ Bàbá Àgbà, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ lọ́rì tó ń sùn mọ́jú ti tán. Ọkọ̀ ayé òde òní kì í sinmi lórí òkè. Ẹlòmíràn ìbá ti ti ilé náà pa. Màmá Òkè wá oníbàárà tuntun. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti agbaṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri, Màmá sì lọ ń fi ara rẹ̀ hàn wọ́n ní ọ́fíìsì. Àwọn tó ń wá sí ibojì Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, tó kú lọ́dún 1959 tí wọ́n sì sin sí Ẹ̀fọ̀n níbí, Màmá ní kí wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ òun. Àwọn tó ń lọ wo omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò náà ń dé sọ́dọ̀ wọn.

Ìkògòsì wá ni baba gbogbo rẹ̀. Ọdún 1952 ni míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan, McGee, mú kí ayé gbọ́ nípa ìsun omi náà. Omi gbígbóná ibẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi tó ti ń sun, á ṣàn wá pàdé omi tútù, níbi tí wọ́n ti pàdé yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 37. Àlejò tó bá wá wo èyí kì í fẹ́ padà sí Adó lọ́jọ́ kan náà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló lówó yàrá ibùdó ìgbafẹ́ ńlá. Màmá mọ èyí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú kàn án.

Ẹ̀rọ omi àti jẹnẹrétọ̀ tó wà níbẹ̀, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Màmá yá lórúkọ ara wọn ni wọ́n fi rà wọ́n. Nígbà tí àrùn kòrónà dé lọ́dún 2020 tí ìjọba ní kí olúkúlùkù jókòó sílé, yàrá kan kò rí àlejò. Aṣọ òkè ni Màmá ń tà kí àwọn ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lè jẹun. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọn kò gba owó oṣù rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ wá fọwọ́ sí ìwé títà ní Àjíǹde, inú dúrọ́ọ̀ tó wà níbi ìgbàlejò yẹn ni owó iléèwé wa ti jáde. Tèmi wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, mo ti lọ bá agbẹjọ́rò kí n tó kọ̀wé yìí, nítorí mi ò fẹ́ wá fi ẹ̀dùn ọkàn nìkan bá yín sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978 tí òfin ìlò ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ wà, ó ń dì í mú fún ará ìlú. Ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀ náà ló wà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ̀tọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n a kò lè gbé e fún àjèjì láìsí àṣẹ ìjọba. Tí a bá yọ ti ìjọba kúrò, òfin ìbílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ gbà wọlé ṣì wà. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà látìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan, fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè ké gbàjarè. Ilẹ̀ ẹbí ńlá ni ti orí òkè, kì í ṣe ti ọmọ Bàbá Àgbà nìkan. Ṣé a ti bi àwọn ará ilé yòókù? Mi ò tí ì gbọ́.

Àwọn kan ní obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò ní ohùn nínú ogún. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti rí ìyẹn nínú àṣà Yorùbá? Lọ́dún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, Adájọ́ Àgbà Osborne sọ ọ́ pé bí àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Màmá Òkè kò tilẹ̀ bèèrè ipò olórí ẹbí. Wọ́n kàn fẹ́ kí a dárúkọ àwọn.

Ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe pín owó náà ti ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ìdí tiwa lọ́mọ ju ìdí Ìyá Ìsàn lọ. Àwọn tiwa ń pariwo orí-ò-jorí, kí a pín in dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan; àwọn tọ̀hún ń pariwo ìdí-igi, kí a pín in dọ́gba fún ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962 ti yanjú èyí: ìdí-igi ni àṣà, olórí ẹbí sì lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá dé tó rí i pé òun ni yóò mú àlàáfíà wá. Ó wà lọ́wọ́ Olórí Ẹbí wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n èyí ó wù kí a lò, ohun tó jẹ́ ti Bàbá Àgbà nìkan la lè pín. A kò lè pín ilẹ̀ ẹbí ńlá. A kò lè pín owó ìkòkò Ìyá Ìsàn bí ẹni pé Bàbá ló pa á. A kò sì lè pín òwò tí Màmá Òkè fi ọwọ́ ara wọn jí dìde.

Mo ti ka nípa ilé ìtura kan ní Jàpáàn tó wà ní àfonífojì láàrin òkè, ní àgbègbè Yamanashi. Nishiyama Onsen Keiunkan lorúkọ rẹ̀. Omi gbígbóná ló ń sun níbẹ̀ bíi ti Ìkògòsì, ọdún 705 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Guinness kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé òun ni hòtẹ́ẹ̀lì tó pẹ́ jù lágbàáyé. Ìran 52 nínú ẹbí kan ló ń gbé e fún ara wọn. Nígbà tí kò sí ọmọ tó fẹ́ gbà á mọ́, wọn kò tà á fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lọ́dún 2017, wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ wọn àtijọ́, Kenjiro Kawano, ṣe olórí rẹ̀, ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Òmíràn tún wà lọ́hùn-ún, Hoshi, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 718. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ á gba orúkọ Zengoro, orúkọ tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ń jẹ́.

Mo mọ̀ pé àṣà wọn kì í ṣe tiwa. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnì kan ló ń jogún gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ọmọ ló ni í, mi ò sì fẹ́ kí a jọ̀wọ́ ìyẹn. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn gbà pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló yẹ kó di iṣẹ́ mú, kódà nígbà tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwa ní ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, tó tún mọ iṣẹ́, à ń wá ọ̀nà láti fi owó díẹ̀ lé e kúrò.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí a ṣe nìyí. Kí ilẹ̀ dúró sọ́wọ́ ẹbí ńlá títí láé, kí a ṣe ìwé tó fi hàn pé ilé ìtura ń gba ilẹ̀ náà lò, kó sì máa san owó ilẹ̀ sápò ẹbí lọ́dọọdún. Kí a sọ ilé àti òwò di ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020. Ilé-iṣẹ́ aládàáni irú èyí kò gbọ́dọ̀ ní ju àádọ́ta olùní lọ, a sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá ka ọmọ àti ọmọ ọmọ. Nítorí náà, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò di ìpín mú fún wọn. Kí a kọ́kọ́ ṣírò ohun tí Ìyá Ìsàn ná, kí a fi kún ìpín ìdí wọn, kó tó kan ti Bàbá. Kí Màmá Òkè ní ìpín tiwọn lọ́tọ̀, lórúkọ ara wọn, tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì máa gba owó oṣù. Ohun tó dára nínú ilé-iṣẹ́ ni pé kì í kú bí ènìyàn bá kú. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá papòdà nínú wa ni à ń tún ìjà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí á dín in kù.

Ọmọbìnrin kan tún wà tó ti ń bá Màmá ṣiṣẹ́ láti kékeré, kì í ṣe ọmọ ilé wa. Òun ló mọ ibi tí páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀, òun ló mọ àlejò tó máa ń san owó àti èyí tó máa ń sá. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa tirẹ̀ náà kó tó di pé ẹlòmíràn gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ kí a tà á, mi ò bá yín jà. Mo mọ ẹni tó ń san owó oògùn nínú yín, mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì, gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ owó tirẹ̀ kó lè ta ìpín rẹ̀ fún ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá, ní iye tí ẹni tó mọ̀ nípa ìdíyelé bá fọwọ́ sí, díẹ̀díẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá ń rí owó. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò lè ta ìpín fún ará ìta àfi tí a bá ti kọ́kọ́ fi lọ ẹbí. Ẹni tó fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá, a lè fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé kó máa wá gba yàrá sùn lọ́dọ̀ wa.

Kí ìpàdé Àjíǹde tó dé, mo bẹ Olórí Ẹbí wa pé kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé yòókù nítorí ilẹ̀, kí wọ́n pe sọ̀fíà, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, wá fi ààlà hàn wá, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé kankan kó tó di ọjọ́ náà. Kí a ka ẹ̀yìn ìwé ńlá Bàbá Àgbà sókè níwájú gbogbo ènìyàn. Kí Màmá Òkè jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà lọ́jọ́ náà, kí ẹlòmíràn sì gbé oúnjẹ fún ìpàdé.

Mo ti ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé tí mo mẹ́nu bà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú ẹbí, kó pè mí, n ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
láti ìdí Ìyá Arámọkọ.